Ọ̀rá Búrẹ́dì Abẹ́ Fóòmù

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé bí ẹ bá gbọ́ ìkíni yìí, ẹ ó wò mí láti òkè ìgò ojú yín tí ẹ fi òwú so lápá kan, nítorí ọjọ́ mẹ́ta tèmi ti di ọdún mẹ́ta. Mi ò kọ lẹ́tà sí yín rí nígbà tí ẹ wà láyé. Orí fóònù la ti máa ń pàdé, ìṣẹ́jú méjì péré, màá sì ní mò ń wọ kíláàsì lọ. Láàárọ̀ yìí mi ò ní kíláàsì. Mo jókòó sí yàrá mi ní Under G, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yunifásítì ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń jà lórí omi nísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ kan sì wà lọ́rùn mi tí mi ò rí ẹlòmíràn bá sọ. Tó bá di agogo mẹ́wàá, màá lọ wọ mọ́tò Ọ̀yọ́ ní Ọjà Igbó. Tó bá di ọ̀sán, màá dúró níwájú gbogbo agboolé wa, màá sì ka ohun kan tí mi ò fẹ́ kà. Àyà mi ń já, Màámi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ẹ kì í fẹ́ kí èèyàn ti àárín bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní yunifásítì kò yé yín títí ẹ fi lọ. Ẹ bi mí láìmọye ìgbà. Mo ní ẹ̀kọ́ nípa ẹbí ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ: bí tọkọtaya ṣe ń gbé pọ̀, bí ọmọ ṣe ń dàgbà, bí àgbà ṣe ń darúgbó. Mo ní mo tún ń lọ sáàárín àwọn ará àdúgbò láti bá wọn ṣiṣẹ́, kí ohun tí a bá rí lè wúlò fún wọn. Ẹ ní ṣé inú ìwé ni wọ́n ti ń kọ́ ìyẹn ni. Nígbà tó yá, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn ará ìjọ yín pé ọmọ yín ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń kọ́ àwọn òyìnbó bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹbí. Mi ò fojú kan òyìnbó kankan ní kíláàsì mi rí, àmọ́ mi ò já irọ́ yín. Inú mi tiẹ̀ dùn sí i.

Lẹ́yìn ìsìnkú yín, èmi ni mo palẹ̀ yàrá yín mọ́. Ẹ dárí jì mí, mo rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Mo gbé fóòmù yín sókè, mo sì bá ọ̀rá tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì lábẹ́ rẹ̀, ó pọ̀ débi pé ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Gbogbo rẹ̀ lẹ fọ̀, ẹ ká a ní mẹ́rin-mẹ́rin, ẹ tò ó bí aṣọ ìjọ́sìn. Orúkọ ilé búrẹ́dì kan náà ní Ọ̀yọ́ ló wà lára gbogbo wọn. Mo mọ̀ pé ẹ kì í sọ nǹkan nù. Ìgò tó ṣófo, bọ́tìnnì tó já, okùn tí wọ́n fi di ẹrù, gbogbo rẹ̀ ló ní àyè tirẹ̀ lọ́wọ́ yín. Àmọ́ kí ni wọ́n ń fi ọ̀rá búrẹ́dì ṣe? Mo ní ogbó ti dé sí màmá mi kí n tó mọ̀. Mo kó wọn lọ sẹ́yìnkùlé, mo ṣáná sí wọn.

Bóyá yàrá yẹn ló mú kí n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ mọ bí àwọn ìyá àgbà tí ọmọ wọn ti fi ìlú sílẹ̀ ṣe ń gbé: ta ló ń tọ́jú wọn, ta ló ń bẹ̀ wọ́n wò, kí sì ni wọ́n ń sọ fún àwọn tó yí wọn ká. Agboolé bàbá mi ní Ọ̀yọ́ ni mo lọ. Mo ní ọmọ ilé ni mí, wọn ò ní ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Òótọ́ ni, wọn ò tì í. Ìyá Ràsákì ló kọ́kọ́ ṣí tirẹ̀.

Ẹ mọ̀ ọ́n ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ, àbúrò bàbá mi, tó padà sílé bàbá rẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú, tí yàrá rẹ̀ dojú kọ tiyín. Bíbélì lẹ̀yin mú, tẹ̀súbáà lòun mú, ìkòkò kan náà lẹ sì fi ń se ọbẹ̀. Ó ní kí n ti ilẹ̀kùn. Ó ní kí n gbé ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ sún mọ́ òun dáadáa, nítorí òun ò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá sọ fún mi pé Ràsákì, ọmọ òun kan ṣoṣo tó wà ní Ìlọrin, kì í fi nǹkan kan ránṣẹ́, ó sì ti pẹ́ tó ti wálé kẹ́yìn. Búrẹ́dì àti tíì àti mílíìkì tí gbogbo agboolé ń rí lọ́wọ́ òun, tí òun ń pín fún àwọn ọmọdé, tí òun ń sọ pé Ràsákì ló fi rán dẹ́rẹ́bà sí òun, òun fúnra òun ló ń rà á. Ẹ̀gbẹ́ gáréèjì Owódé ni òun ti ń rà á kí ará ilé má baà rí òun. Òun á wá gbé e sínú kẹ̀kẹ́, òun á sì bọ́ sílẹ̀ lójúde ní ọ̀sán gangan, kí gbogbo ojú lè rí ohun tí ọmọ òun fi ránṣẹ́.

Mo sunkún, Màámi. Àmọ́ ẹ̀yin ni mò ń kọ̀wé sí, kí n kúkú sọ òótọ́: ojú kan ló ń sunkún, èkejì ti ń wo bí ọ̀rọ̀ náà yóò ṣe rí nínú ìwé. Kí n tó kúrò lórí àpótí tí mo jókòó lé, mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Ìyá Ràsákì ni yóò sọ mí di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Òfin kan wà lẹ́nu iṣẹ́ wa. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ síkàáwọ́ wa, a ò gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀. A ní láti fún un ní orúkọ mìíràn kí ẹnikẹ́ni má lè dá a mọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń kọ Ìyá Kìíní, Ìyá Kejì. Mo kórìíra rẹ̀, ó ń dún létí mi bí ìgbà tí wọ́n bá ń pe aláìsàn wọlé ní ọsibítù. Mo wá rántí orúkọ tí ẹ̀yin ìyàwó ilé máa ń sọ àwọn ọmọ ilé, ẹ̀yin tí ẹ ò gbọ́dọ̀ fẹnu kan orúkọ ẹnikẹ́ni tí ẹ bá nílé ọkọ, kódà kó jẹ́ ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bí lánàá kí ẹ tó dé. Nígbà tí ẹ fi Ògbómọ̀ṣọ́ sílẹ̀ wá sílé ọkọ, ọmọdébìnrin ni Ìyá Ràsákì, ó ń rẹ́rìn-ín káàkiri ilé, ẹ sì wo eyín rẹ̀, ẹ sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó. Eyín iwájú méjì ti já báyìí, orúkọ yẹn ò sì já lẹ́nu yín títí ẹ fi kú. Mo ro ó síwá sẹ́yìn. Mo ní, ẹ ti lọ, àwọn ìyàwó ẹgbẹ́ yín ti lọ tán, orúkọ náà ti bá yín wọ sàréè. Ta ló kù tó mọ̀ ọ́n? Mo tún ní kí n fi dá yín lọ́lá. Níbi tí ọ̀rọ̀ Ìyá Ràsákì wà nínú ìwé mi, mo kọ Eyínfúnjowó síbẹ̀.

Àwọn tó ń bójú tó ìwádìí ní yunifásítì kà á, wọ́n ní ó dáa, orúkọ ẹnikẹ́ni ò hàn. Àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde lókè òkun kà á, wọ́n yìn ín. Ohun kan ṣoṣo ló kù. Láyé òde òní, yunifásítì ò fẹ́ ká kàn gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ará ìlú ká sì gbé e sá lọ. Wọ́n fẹ́ ká padà lọ ka ohun tí a kọ fún àwọn tó ni ọ̀rọ̀, kí olórí wọn sì buwọ́ lùwé pé lóòótọ́ la wá. Láìsí ìwé yẹn, fáìlì ìgbéga mi ò pé. Àná tó jẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ gba fáìlì náà. Mo fi Sátidé tó kọjá lọ sí Ọ̀yọ́.

Ilé kún, Màámi. Baálé wa jókòó sórí àga, àwọn ìyàwó ilé wà lórí ẹní, àwọn ọmọ osú, ìyẹn àwọn ọmọbìnrin ilé, to ara wọn sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ìyá Ràsákì wọ léèsì aláwọ̀ ewé yẹn, èyí tí ẹ jọ rà. Ọ̀gá mi, obìnrin tó jẹ́ olórí ẹ̀ka wa, bá mi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó gbé kámẹ́rà síwájú. Kí n tó ya ẹnu, Baálé ti buwọ́ lu ìwé. Ó ní ọmọ ilé kì í tan ará ilé jẹ. Mo dìde, mò ń kà, mo sì ń tú u sí Yorùbá bí mo ṣe ń kà á lọ. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo dé ojú ewé kẹta, mo ní ìyá kan wà tí a ó máa pè ní Eyínfúnjowó.

Gbogbo àwọn ìyàwó ilé hó yèè. Àní àwọn ìyàwó kéékèèké, tí wọ́n gbé wálé lẹ́yìn ikú yín, tí wọn ò fojú kàn yín rí. Ọ̀kan fò dìde lórí ẹní.

"Eyínfúnjowó tiwa! Ẹ ò rí i, wọ́n ti kọ yín sínú ìwé yunifásítì!"

Ìyá Ràsákì fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ dùn gan-an. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ìyàwó àgbà ló máa ń fi orúkọ lé ìyàwó kékeré lọ́wọ́, àti pé orúkọ tí ẹ bá sọ ọmọ ilé kì í bá yín kú. Ọmọ tó bá ń wálé déédéé ì bá ti mọ̀.

Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ mi wà rèé, Màámi. Orúkọ yẹn, àṣìṣe ni. Àmọ́ gbólóhùn tó tẹ̀ lé e ṣì wà níwájú mi, mi ò tíì kà á. Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀, èmi ni mo kúkú kọ ọ́. Mo lè fò ó. Mo lè ní ọ̀fun mi gbẹ, kí n béèrè omi, kí n jókòó. Mo gbójú sókè, mo rí ọ̀gá mi tó ń mi orí sí mi pé kí n máa bá a lọ, mo rí kámẹ́rà, mo sì kà á. Mo ka Owódé. Mo ka búrẹ́dì. Mo ka kẹ̀kẹ́. Mo kà á dé ìparí.

Ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu ìyàwó kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: "Háà! Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá yẹn náà ńkọ́?" Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fi ìgúnpá ta á. Ìyá Ràsákì gbé ọwọ́ kúrò lẹ́nu. Ó wò mí, ojú rẹ̀ ò le rárá, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ó gbọn ìdí léèsì rẹ̀, ó wọ yàrá lọ, mo sì gbọ́ nígbà tó yí kọ́kọ́rọ́.

Àwọn ọ̀dọ́ ti fi fóònù gbà á sílẹ̀. Kí n tó padà dé Ògbómọ̀ṣọ́, ó ti wà lórí wásáàpù ẹbí, ó sì ti dé Ìlọrin. Ràsákì pè mí. Kò tilẹ̀ kí mi. "Ẹ dójú tì mí láàárín ẹbí, Àǹtí. Ẹ ti bà mí jẹ́. Kí lẹ máa rí jẹ níbẹ̀?" Mo fẹ́ bi í pé ta ló bà á jẹ́, èmi ni àbí ọwọ́ rẹ̀ tó ká kò. Mi ò lè bi í. Mo rò pé nítorí pé mo jẹ̀bi ni. Mi ò tíì mọ ìdí tó kù.

Ọjọ́ Àìkú, Ìyá Ràsákì ò gbé fóònù mi. Ọjọ́ Ajé, kò gbé e. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, fóònù náà ò tiẹ̀ lọ mọ́. Ọ̀gá mi ní kí n má da ara mi láàmú.

"Yọ Eyínfúnjowó, fi Ìyá Kẹta sí i, kó fáìlì ẹ wá. Ṣé àwọn tó wà lókè òkun mọ Owódé ni? Tó o bá pàdánù eléyìí, ọdún mélòó lo tún fẹ́ dúró?"

Òótọ́ ló sọ. Ìwé Baálé wà lọ́wọ́ mi. Fọ́tò tún wà nínú fáìlì, èyí tí wọ́n yà nígbà tí àwọn ìyàwó ilé ń hó yèè, ọ̀gá mi sì ti kọ sábẹ́ rẹ̀ pé àwọn ará àdúgbò fi tayọ̀tayọ̀ gba èsì ìwádìí. Ìyá Ràsákì ló wà láàárín fọ́tò náà, ọwọ́ lẹ́nu, tó ń rẹ́rìn-ín. Mo wò ó títí ojú fi tì mí.

Ọjọ́rú ni mo gba Ọ̀yọ́ lọ. Mo kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mo kanlẹ̀kùn, kò dáhùn. Àwọn ìyàwó ilé ń kọjá, wọ́n ń kí mi jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni ń kí ọlọ́fọ̀. Orúnkún mi ti ń ro mí kí ó tó ṣílẹ̀kùn. Ó padà lọ jókòó, ó ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ, kò wojú mi. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní màá yọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrò pátápátá.

"Tó o bá yọ tèmi, kí ló kù nínú ìwé ọ̀hún?"

Mo ní kò ku nǹkan kan.

"Má yọ ọ́. Wọ́n ti gbọ́ ọ, wọn ò lè ṣe bí ẹni tí ò gbọ́ mọ́. Àmọ́ ṣé èmi nìkan ni mo ń ra búrẹ́dì nílé yìí?" Ó ju òkúta kan sílẹ̀ láti inú ẹ̀wà. "Àwọn ọ̀rá tí ìyá ẹ tò sábẹ́ fóòmù, kí lo fi ṣe?"

Mo ní mo dáná sun wọ́n.

"Ìyá ẹ ló kọ́ mi. Ó ní tí mo bá ti rà á, kí n kọ́kọ́ bọ́ ọ̀rá ara ẹ̀, torí orúkọ Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀. Ọ̀rá funfun ló máa ń wé e sí. Á ní ọmọ òun ló fi ránṣẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ìwọ ni o. Kò lè da ọ̀rá yẹn sáàtàn, kí àwọn ọmọ má baà gbé e kiri ojúde, ló bá ń tò ó síbi tó ń sùn lé."

Ó ṣa ẹ̀wà díẹ̀ sí i. Ó ní ẹ ò sọ ọ́ fún ẹlòmíràn, òun náà ò sì ní ẹnu tí òun ì bá fi sọ ọ́ bí kì í bá ṣe pé mo ti sọ tòun. Ó wá sọ ohun tó fẹ́.

"Kọ tìyá ẹ mọ́ tèmi. Má fi orúkọ bò ó. Kọ ọ́ pé ìyá ẹ ni. Kó o wá dúró síbi tó o dúró sí lọ́jọ́sí, kó o kà á fún wọn bó o ṣe ka tèmi. Ọjọ́ tó o bá kà á ni mo dárí jì ọ́."

Nínú mọ́tò tí mo wọ̀ padà, mo rántí ọdún Àjíǹde kan tí mo wálé. Àwọn ìyàwó ilé kúnlẹ̀ kí mi lọ́nà kànga. Wọ́n ní, ẹ ṣeun o, a máa ń jẹ búrẹ́dì yín. Mo rò pé wọ́n ṣì mí mọ́ ẹlòmíràn ni, tàbí pé bí wọ́n ṣe ń yẹ́ ọmọ ilé sí nìyẹn. Mi ò béèrè. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kò tọ́pẹ́. Ẹ̀yin wà nítòsí, nídìí sítóòfù, ẹ ń fún un láfẹ́fẹ́, ẹ ń fún un, bẹ́ẹ̀ iná náà ti ràn dáadáa. Ẹ ò gbójú sókè. Kò tọ́pẹ́, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, Màámi, fún búrẹ́dì tí mi ò rà.

Ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀? Ṣé ọdún tí mo ní mò ń bọ̀ wá kí yín fún Kérésì, tí mo tún lọ sí ìpàdé àwọn onímọ̀ dípò rẹ̀? Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín yẹn, ṣé òun lẹ fi ń lọ sí Owódé? Kí lẹ máa ń sọ fún wọn pé mo ní kí ẹ bá mi kí wọn? Nígbà tí ẹ bá ń ká ọ̀rá yẹn ní mẹ́rin, ṣé ẹ máa ń bínú sí mi? Tí mo bá pè yín, tí mo ní iṣẹ́ ò jẹ́ kí n lè wá lọ́sẹ̀ yìí, ohun kan náà lẹ máa ń sọ: kò burú, iṣẹ́ ni, ṣáà jẹun. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ kì í ṣe ọ̀nà jíjìn. Mò ń rìn kiri agboolé pẹ̀lú ẹ̀rọ lọ́wọ́, mò ń wá àwọn ìyá tí ọmọ wọn pa tì, mi ò sì mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà tiyín ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni mo kọ ọ́. Ojú ewé kan péré ni, ó sì gbà mí láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Nítorí pé mo fi kún iṣẹ́ náà, ó di dandan kó padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń bójú tó ìwádìí, kí n sì gbà á kúrò lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Àná ni mo lọ yọ ọ́ kúrò nínú fáìlì, mo yọ fọ́tò, mo yọ ìwé Baálé. Fáìlì tó kù ò tó nǹkan tí wọ́n ń fi ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Inú bí ọ̀gá mi gidigidi. Ó ní, "Ìyá ẹ ti kú. Ta lò ń ṣe é fún?" Mo kí i, mo jáde.

Ìbéèrè rẹ̀ ò jẹ́ kí n gbádùn. Ìtìjú tèmi kọ́ ló ń já mi láyà jù, Màámi, ó tọ́ sí mi. Ẹ̀yin ni mò ń rò. Ẹ fi ìrora bo mí láṣìírí nínú ilé yẹn, mo sì fẹ́ fi ọwọ́ ara mi ṣí i. Tí mi ò bá kà á, Ìyá Ràsákì nìkan ni yóò máa jẹ ìtìjú tí ẹ̀yin méjèèjì jọ rà ní Owódé. Tí mo bá kà á, wọ́n á mọ̀ pé irọ́ lẹ pa fún wọn, ẹ̀yin tí wọ́n ń pè ní ìyá olóòótọ́. Lẹ́nu iṣẹ́ wa, a kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni láìgba ìyọ̀ǹda rẹ̀. A máa ń ka ìwé kan sí i létí, ẹni tí ò mọ̀wé kọ á tẹ̀ka. Ìyá Ràsákì tẹ̀ka. Ẹ̀yin ò tẹ̀ka. Ẹ ò tilẹ̀ sọ fún mi. Ìdí tí mo fi jókòó ti lẹ́tà yìí láti àárọ̀ nìyẹn, mò ń tọrọ ìyọ̀ǹda yín, mo sì ń dẹtí bí òmùgọ̀.

Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti pọn omi tán.

Mo ti tún ìbẹ̀rẹ̀ ojú ewé náà kọ báyìí. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé, ìyá kan wà. Mo pa á rẹ́. Mo kọ ọ́ pé, ọmọ kan wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí kì í wálé, èmi ni. Orúkọ mi ni màá kọ́kọ́ dá, ní kíkún, pẹ̀lú oyè tó wà níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni màá sọ ohun tí ìyá ọmọ náà ń ṣe kí ojú má baà ti ọmọ rẹ̀. Bí ẹni kan bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, èmi ni kó rín.

Agogo ti ń lọ, mo ní láti dìde. Tí mo bá dé Ọjà Igbó, kí n tó wọ mọ́tò, màá ra búrẹ́dì, èyí tó tóbi tó máa kárí gbogbo ọmọ inú agboolé. Orúkọ Ògbómọ̀ṣọ́ ló wà lára ọ̀rá rẹ̀, gàdàgbà-gàdàgbà. Mi ò ní bọ́ ọ.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ fi búrẹ́dì sọ di ọmọ rere lójú ayé.